Àṣẹ man
Man jẹ́ àṣẹ tí a fi ń ṣí ìwé ìtọ́nisọ́nà àwọn àṣẹ kọ̀ǹpútà mìíràn lórí Unix, Linux àti macOS. Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti Bell Labs ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà Unix àkọ́kọ́, tí ó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1971.

Ìwé náà ní ìpín onínọ́ńbà. Man 1 passwd ń ṣàlàyé àṣẹ tí ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Man 5 passwd ń ṣàlàyé fáìlì tí orúkọ àwọn aṣàmúlò wà nínú rẹ̀. Bọ́tìnì q ni a fi ń jáde.

Inú kọ̀ǹpútà gan-an ni ìwé yìí wà. A lè kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a tó lo àṣẹ bíi rm, tí kì í sábà béèrè kí ó tó pa fáìlì rẹ́.