Ẹ̀kọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì fún Àwọn Olùkọ́ Ọ̀la

 Ọ̀pọ̀ nínú wa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Olúpọ̀nnà àti agbègbè Ìwó ló ń yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé àwọn olùkọ́, bí irú ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìwó. Lóde òní, ọmọ kò béèrè owó ilé-ìwé nìkan mọ́. Ó ń béèrè owó fóònù àti ti dátà pẹ̀lú. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe.

Ẹ̀kọ́ àkọ́ránṣẹ́ kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná. Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní module ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé module ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. A gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́: akẹ́kọ̀ọ́ á kà, á wo fídíò, á dáhùn ìbéèrè, ẹ̀rọ á sì máàkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá yege, á tún un ṣe. Báyìí ni ó ṣe lè kọ́ bí a ti ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà, bí a ti ń ṣírò máàkì ọmọ kíláàsì, àti bí a ti ń fi àwòrán ṣàlàyé ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n a kì í dúró lórí ilẹ̀ kọ́ odò wíwẹ̀. Ẹni tó kàn kà nípa kọ̀ǹpútà láìfọwọ́ kàn án lè yege ìdánwò, kí ojú sì tì í níwájú àwọn ọmọ. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Ṣé kọ̀ǹpútà wà tí ọmọ náà yóò máa lò? Ṣé ó lè gba ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí dátà má baà máa jẹ owó lójoojúmọ́? Ta ni yóò là á lọ́yẹ bí ohun kan bá rú u lójú?

Ẹgbẹ́ tó lágbára lè ra kọ̀ǹpútà kan tàbí méjì sí ilé ìpàdé, kí àwọn ọmọ wa jọ máa lò ó. Èyí kò ta ko ìlànà wa, nítorí ẹ̀kọ́ ni ìkarùn-ún nínú ìlànà méje tí àjọ alájẹṣẹ́kù àgbáyé fọwọ́ sí ní 1995. Ẹni tí a ràn lọ́wọ́ lónìí ni yóò kọ́ ọmọ-ọmọ wa lọ́la.