Mọ́tò Onílẹ̀kùn Kan: Bí Àwa Mẹ́ta Ṣe Tún Ogún Ẹ̀gbọ́n Ìyá Wa Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ mọ́tò kékeré kan ni a mú wá fún yín lóṣù yìí. Ogún ni mọ́tò náà, àwa ọmọ ìyá mẹ́ta ni a sì jọ jẹ ẹ́. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ mọ́tò lásán ni o. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ọ̀rọ̀ àjọṣe sì ni pẹ̀lú.

Ẹ̀gbọ́n ìyá wa lọ sí ìlú Òyìnbó kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ó sì darúgbó sí. Nígbà tí ó kú tí a ka ìwé ìhágún rẹ̀, kò sí ilé níbẹ̀, nítorí ilé tí ó háyà ni ó ń gbé. Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún àwa tí a wà nítòsí rẹ̀ ni mọ́tò Isetta kan tí ó ti wà nínú gáréèjì láti ọjọ́ pípẹ́. Afẹ́fẹ́ ti tán nínú táyà, eku ti fi àga ṣe ilé, ìsàlẹ̀ mọ́tò sì ti dógùn-ún débi pé bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ á kan ilẹ̀.

IRÚ MỌ́TÒ WO NÌYÍ?

Ẹni tí kò bá rí Isetta rí yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rí roboto bí ẹyin. Gígùn rẹ̀ kò tó mítà méjì ààbọ̀, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 350 kìlógíráàmù. Èèyàn méjì ní í jókòó nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ó ní, iwájú gan-an ni ilẹ̀kùn náà sì wà, bíi ti fìríìjì. Bí a bá ṣí i, sítíárìn á tẹ̀lé ilẹ̀kùn jáde; awakọ̀ á wọlé, á jókòó, á sì fa ilẹ̀kùn mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ fìríìjì tí a sọ yìí kì í ṣe àwàdà. Ilé iṣẹ́ Iso ti Renzo Rivolta ní Ítálì, tí ó kọ́kọ́ gbé mọ́tò yìí jáde ní 1953, ti ń ṣe fìríìjì tẹ́lẹ̀. BMW ti Jámánì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ ní 1955. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù ni wọ́n fi sí i, onísìlíńdà kan, 250 cc lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 300 cc tí ó ní agbára ẹṣin 13. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ ní 1962, BMW ti ṣe 161,728. Ẹ sì jẹ́ mọ̀ pé nǹkan kò rọgbọ fún BMW lásìkò náà, nítorí àwọn mọ́tò ńlá rẹ̀ kò mówó wọlé. Ní oṣù Kejìlá 1959, díẹ̀ ló kù kí wọ́n tà á fún Daimler-Benz. Isetta wà lára ohun tí ó mú kí ilé iṣẹ́ náà lè rọ́jú títí ara fi tù ú. Ẹ ò rí i pé ohun kékeré a máa gbé ńlá ró?

Ní Britain, ìjà Suez ti 1956 sọ epo di ọ̀wọ́n títí ìjọba fi ń wọ̀n ọ́n fún ará ìlú. Gbogbo ènìyàn wá ń wá mọ́tò tí kì í mu epo púpọ̀. Ní 1957 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Isetta ní Brighton, nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ rélùwéè tẹ́lẹ̀. Kò sí títì tó wọ ibẹ̀. Rélùwéè ní í kó ẹ̀yà ara mọ́tò wọlé, òun náà ní í kó mọ́tò jáde. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ó pọ̀ jù nínú tiwọn, nítorí owó orí rẹ̀ kéré, ìwé àṣẹ alùpùpù sì tó láti fi wà á, bí kò bá ti ní jíà ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n ìyá wa fi rà á, nítorí ìwé alùpùpù nìkan ni ó ní.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ilẹ̀kùn wà níwájú, mọ́tò kò sì lè fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá wà á kan ògiri, ó há nìyẹn! Àfi kó gba òrùlé, tí a fi aṣọ ṣe, jáde kó lọ bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n bá òun tì í.

ÀRÍYÀNJIYÀN

Ẹnu wa kò kọ́kọ́ kò. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ kí a tà á bẹ́ẹ̀, nítorí owó ilé ìwé ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀. Àbúrò wa ọkùnrin ní kí a tún un ṣe ká di olówó. Ó ti kà pé ní 1913 kọ́, ní 2013 yìí ni, ní Georgia ní Amẹ́ríkà, wọ́n ta Peel P50, mọ́tò tí ó tún kéré ju Isetta lọ, ní 120,750 dọ́là.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí ó ti ta aṣọ láti kékeré, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé iye tí wọ́n ra ti ẹlòmíràn ni wọ́n máa ra tìrẹ? Owó tó bá wọ ọwọ́ ẹni ni owó."

Àbúrò wa ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú. Kí ni ká wá ṣe?"

Ó dáhùn pé, "Ẹ mú ìwé wá. Ká kọ ọ́ sílẹ̀ ká tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan."

Ohun tí a kọ nìyí. Olúkúlùkù yóò máa dá iye kan náà lóṣooṣù sínú àpò kan. Ẹni tí kò bá lówó yóò fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dípò, a ó sì ka iṣẹ́ náà sí owó fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáde, a ó dá ohun tí ó ti fi sílẹ̀ padà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí owó ilé ìwé ń lé kò fi kúrò nínú ogún rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, òun ló ń ha ògùn-ún, tí ó ń fọ irin, tí ó sì ń to nọ́ọ̀tì sínú agolo, pẹ̀lú orúkọ lára agolo kọ̀ọ̀kan.

IṢẸ́ BẸ̀RẸ̀

Ìwé ọkọ̀ ni a kọ́kọ́ tún ṣe, kí ó lè wà lórúkọ wa. Lẹ́yìn náà ni a tú mọ́tò palẹ̀, a sì ń ya fọ́tò bí a ti ń tú u. Wẹ́dà gé páànù tó ti jẹrà kúrò nísàlẹ̀, ó jó tuntun sí i. Bírékì ló tẹ̀ lé e, nítorí mọ́tò tí kò lè dúró kò yẹ kó lọ. Ẹ́ńjìnnì kò bàjẹ́ púpọ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni sítátà àti èyí tó ń sáájì bátìrì, a sì ní láti tún wáyà inú rẹ̀ wé. Ṣéènì inú àpótí epo ní í gbé agbára lọ sẹ́yìn. Ṣéènì dára, ṣùgbọ́n àwọn rọ́bà tó so jíà mọ́ ọn ti gbẹ, wọ́n ti sán. Ọ̀dà ni a fi parí, kì í ṣe òun ni a fi bẹ̀rẹ̀.

Níbo ni a ti rí rọ́bà mọ́tò tí wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ wa. Àwọn tó ní Isetta ní Britain àti ní Jámánì ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá lọ bá ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe rọ́bà kan fún òun, owó mọ́ọ̀dì nìkan á pa á. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ bá da owó pọ̀, tí wọ́n ṣe púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, iye tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan á rọrùn. Kí lèyí bí kò ṣe ohun tí àwa náà ń ṣe nínú alájẹṣẹ́kù, tí a fi ń ra ọjà lọ́pọ̀ ká tó pín in? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

ÈRÈ WO NI A JẸ?

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa pa ìwé ìṣirò dé, iye tí a ná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí a lè tà á. Ẹni tó bá ń wá èrè ọjà, kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò ń ṣiṣẹ́, a kò jẹ gbèsè, ìjà kò sì wọ àárín wa. Ní Britain, mọ́tò tó ti lé ní 40 ọdún kì í san owó orí ọkọ̀ mọ́, láti 2018 sì ni a ti yọ wọ́n kúrò nínú àyẹ̀wò ọdọọdún, bí a kò bá ti yí i padà sí nǹkan mìíràn. Ìnṣọ́ránsì nìkan ni ó pọn dandan, a sì jọ ń san án.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, ogún lè jẹ́ mọ́tò, ó lè jẹ́ ìsọ̀ lọ́jà, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹ tó náwó lé e. Ẹ ṣírò iye tí yóò ná yín àti iye tí yóò mú wá. Ẹ má sì lé ẹni tí kò lówó jáde, bí ó bá ní ọwọ́ tí ó lè fi ṣiṣẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó tún di oṣù tó ń bọ̀.