Wákàtí Ni Kí Ẹ Fi Wọn Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn

Bí ènìyàn bá bèèrè bí Ìkòròdú ti jìnnà sí Ẹ̀pẹ́ tó, ìdáhùn méjì ni ó wà. Bí ẹyẹ bá fò lọ tààrà, nǹkan bí máìlì 32 ni, èyí tíí ṣe kìlómítà 52. Ọkọ̀ òfúrufú tí ń sá kìlómítà 300 ní wákàtí kan kò ní lò ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Ṣùgbọ́n kò sí pápákọ̀ òfúrufú ní ìlú méjèèjì. Orí ilẹ̀ ni a ó tọ̀, gba Ìtòìkín, ọ̀nà náà sì gùn ju ti ẹyẹ lọ. Ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, tí kò dúró rárá, yóò lò tó wákàtí kan. Ta ni kò mọ̀ pé ọkọ̀ a máa dúró? Òjò, kòtò, táyà jíjò, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, àwọn wọ̀nyí níí sọ wákàtí kan di méjì.

Èwo ni ti ìlera níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ó wà nílé ọkọ ní Ìkòròdú ni ó fẹ́ lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Kò burú. Èyí tí ó burú ni kí ó dúró títí ọmọ yóò fi mú un kí ó tó wọ ọkọ̀.

Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, tí kò sì rí ìtọ́jú, nǹkan bí wákàtí 2 péré lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ní ọdún 1994, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdádúró mẹ́ta níí pa aboyún: ìdádúró nílé kí a tó pinnu, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró nílé ìwòsàn. Àwa fúnra wa ni a ni èkíní. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bímọ ní Ẹ̀pẹ́, kí ó lọ ní oṣù kan ṣáájú, kí ó mú káàdì rẹ̀ dání, kí ó sì forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn ibẹ̀. Ẹ bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún òru. Ẹ fi aago wo bí ọ̀nà ilé ìwòsàn yín ti pẹ́ tó. Ẹ tọ́jú owó ọkọ̀, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Bí aboyún bá rí ẹ̀jẹ̀, bí orí ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, bí gìrì bá mú un, bí omi bá dà, ẹ má ṣe kọjá ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín láti máa lọ sí ìlú ìyá. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ má dúró de baálé tí kò sí nílé. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ pe 767 tàbí 112.

A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ.