Díẹ̀ Tó Lé Lórí Mítà Méje

Mọlémọlé kan ń na okùn sórí ìpìlẹ̀ yàrá ní Kétu, níbi tí kò jìnnà sí ẹnubodè Akaba Ìdẹ̀nà. Mítà 5 níbùú, mítà 5 lóròó. Láti mọ̀ bóyá igun rẹ̀ tọ́, ó wọn ọ̀nà láti igun kan dé èyí tó kọjú sí i: mítà 7 àti sẹ̀ǹtímítà 7, ó sì lé díẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, tí ìlà ara okùn ìwọ̀n mi bá tún kéré sí i, ṣé díẹ̀ yẹn ò ní bọ́ sórí ìlà?"

Kò ní bọ́ sí i láéláé, bàbá. Ẹ mú bébà méjì tí ẹ̀gbẹ́ wọn dọ́gba yíká, ẹ gé wọn láti igun dé igun. Ẹ to ẹ̀là mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí igun tó tọ́ lára wọn pàdé láàárín. Bébà ńlá kan ló jáde, ojú ibi tí ẹ gé sì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gba bébà kékeré méjì gééré.

Ká ní ìwọ̀n kan wà tó ka ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìṣẹ́kù. Nọ́mbà ẹ̀gbẹ́ ńlá lọ́nà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì nọ́mbà ẹ̀gbẹ́ kékeré lọ́nà ara rẹ̀. Ẹ gbé 7 àti 5 wò: 49 àti 50. Ẹ gbé 17 àti 12: 289 àti 288. Bébà A4 àwọn ọmọ iléèwé, mìlímítà 297 sí 210, kò ju 99 sí 70 lọ: 9801 àti 9800. Ẹyọ kan yẹn ló ń tan èèyàn! Àwọn ará Bábílónì ìgbàanì kọ ìṣirò tiwọn sórí wàláà amọ̀ tó wà ní Yunifásítì Yale báyìí. Ó já sí 30547 sí 21600, òun náà kò bá a.

Ẹ wo nọ́mbà tó gbẹ̀yìn nìkan. Nọ́mbà tí ẹ bá mú lọ́nà ara rẹ̀, 0, 1, 4, 5, 6 tàbí 9 ló ń fi parí. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ń fi 0, 2 tàbí 8 parí. 0 nìkan ló wà níhà méjèèjì. Nítorí náà, ńlá gbọ́dọ̀ fi 0 parí, kékeré á fi 0 tàbí 5 parí. Méjèèjì ló ṣeé pín sí márùn-ún. Ẹ pín wọn. Àwọn tó jáde ṣì wà lábẹ́ òfin kan náà, ẹ tún pín wọn, ẹ tún pín wọn. Odidi nọ́mbà kò sì lè máa kéré lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró. Irú nọ́mbà méjì bẹ́ẹ̀ kò sí nìyẹn.

Ọgbọ́n yìí ká ìlọ́po mẹ́ta náà: 0 àti 5 nìkan ló bára mu níbẹ̀. Ìlọ́po mẹ́fà ló ya olórí kunkun. Ọgbọ́n mìíràn ló ń fẹ́.

Mọlémọlé wo okùn rẹ̀, ó sàmì sí mítà 7 àti sẹ̀ǹtímítà 7. Ó ní símẹ́ǹtì á jẹ èyí tó kù.