Ọta tí ó bá Ìbọn Yín Mu

Ẹ̀yin àgbẹ̀ oní-kòkó ti Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù,

Ẹnikẹ́ni tí ó ní oko kòkó mọ iṣẹ́ tí ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọ̀bọ ń ṣe níbẹ̀. Bí èso bá ti ń pọ́n, wọn a dá ihò sí i lára, wọn a jẹ ohun dídùn tí ó bo hóró inú rẹ̀, wọn a sì fi eèpo sílẹ̀ lórí igi kí ó jẹrà. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú yín fi ní ìbọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó yìnbọn lánàá tí ó bà, tí ó yìn lónìí tí kò bà, tí ó sì ń dá ìbọn lẹ́bi. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ tọ olóògùn lọ. Kí ẹ tó ná owó yín níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ ọta yín wò.

Ìbọn a máa ṣe bákan náà nígbàkígbà tí ohun tí a fi sínú rẹ̀ bá jẹ́ bákan náà. Àwọn baba wa rí èyí nítòsí ibí, ní ìhà Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, nínú ogun Kírìjì tí a jà láàrín 1877 àti 1893. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ jagunjagun gbé lọ, olúkúlùkù sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ẹ̀tù. Àwọn Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn Snider gbà láti Èkó, èyí tí a ti wọn ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ papọ̀ nílé iṣẹ́ tí a ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ kátíríìjì. “12” tí a kọ sára rẹ̀ ni fífẹ̀ ẹnu ìbọn: bí a bá yọ́ òjé ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, tí a sì fi ṣe ọta roboto 12 tí ó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò bá ẹnu ìbọn náà mu. Nọ́mbà kejì ń sọ bí ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ti tóbi tó, òun ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ. Nọ́mbà 6 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọta 270 nínú áúnsì kan. Nọ́mbà 6 ti Amẹ́ríkà tóbi jù ú, nǹkan bí 225 ni áúnsì kan sì gbà. Ẹni tí ó da méjèèjì pọ̀ sínú àpò kan kò mọ ohun tí òun ń yìn. Irú kan ṣoṣo ni kí ẹ máa rà: ilé iṣẹ́ kan, nọ́mbà kan, ìwọ̀n kan, gígùn kan.

Ọ̀rọ̀ gígùn yìí lè gba ẹ̀mí. Àwọn ìbọn àtijọ́ kan wà tí ilé ọta wọn kò ju ínǹṣì 2½ lọ. Kátíríìjì ínǹṣì 2¾ a máa wọ inú wọn wẹ́rẹ́, nítorí pé gígùn tí a kọ sára rẹ̀ jẹ́ gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín. Bí ẹnu rẹ̀ bá ṣí, kò ní àyè mọ́, agbára ẹ̀tù a sì pọ̀ jù fún irin náà. Kátíríìjì 20 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ṣèèṣì fi í sínú ìbọn 12, yóò yọ̀ lọ síwájú, yóò há sínú ọ̀pá ìbọn. Ẹni tí ó ni ín a rò pé òun kò tíì ki ìbọn, a fi 12 lé e lẹ́yìn, a yìn ín, ọ̀pá náà a sì fọ́ sí i lọ́wọ́. Nítorí èyí ni a fi ń ṣe 20 ní àwọ̀ òféèfèé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí méjèèjì gbé inú ilé kan.

Báwo ni ẹ ó ti mọ èyí tí ó dára? Ẹ na pépà tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí òkè tàbí ebè gíga wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe kọjá níbẹ̀. Ẹ dúró ní 40 yáàdì, kí ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ihò ti pọ̀ jù ni kí ẹ fi okùn ínǹṣì 15 ya òbìrí yí ká, kí ẹ sì ka ihò inú rẹ̀. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ kò fún rárá a máa kó nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọta rẹ̀ síbẹ̀, èyí tí ó fún gidigidi a kó 70. Nínú ọta 270, èyí jẹ́ 108 àti 189. Ìgbà kan kò tó. Ẹ ṣe é nígbà márùn-ún lórí pépà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí àlàfo tí ọ̀kẹ́rẹ́ lè bá sá lọ bá wà nínú òbìrí náà, ẹ súnmọ́ ọn sí i, tàbí kí ẹ dán irú mìíràn wò. Ìbọn ẹlẹ́nu-méjì ńkọ́? Ẹ dán ẹnu kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀.

Ẹni tí ó ní ráífù yóò gbé e lé àpò iyanrìn, yóò sì yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà papọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò sí láàrín, nígbà náà ni kí ó tún ojú ìwò rẹ̀ ṣe. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, kí ó má fọwọ́ kàn án. Bí ó bá sì yí irú ọta padà, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti ṣakabùlà, ẹ fi àdó kékeré kan ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀tù, ẹ má ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹ̀tù inú kátíríìjì kì í ṣe ti ṣakabùlà. Ó lágbára jù ú lọ, yóò sì fọ́ ọ. Ẹ̀tù a máa fa omi ní àkókò òjò, nítorí náà ẹ dé ìgò rẹ̀ pinpin. Mo mọ̀ pé àjà lókè ààrò ni ọ̀pọ̀ ń kó ohun tí wọn fẹ́ kí ó gbẹ sí. Fún ẹ̀tù àti kátíríìjì, ẹ wá ibòmíràn tí ó gbẹ, tí iná kò dé, tí ọmọdé kò sì lè dé.

Òfin Ìbọn ti 1959 béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ṣakabùlà gẹ́gẹ́ bí ó ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ní ìbọn ẹlẹ́nu-méjì. Ẹ kọ orúkọ ọta àti ọjọ́ tí ẹ dán an wò sára pépà tí ẹ yìn, kí ẹ sì fi pamọ́ pẹ̀lú ìwé àṣẹ yín, kí ó lè wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ra òmíràn.