Láptọ́ọ̀pù Ẹgbẹ́ Ń Ṣàìsàn: Ká Tún Un Ṣe Ni, àbí Ká Ra Òmíràn?

 

Kì í ṣe ìròyìn mọ́ pé láptọ́ọ̀pù tí a fi ń kọ àkọsílẹ̀ àjọ àti owó tí ẹgbẹ́ ń yáni ti ń ṣàìsàn. Ó ń gbóná bí ààrò ẹja. Bí a bá yọ ṣájà, kì í tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ń kú. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ pín àjọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú mọ́ wa lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá jókòó, ẹja wọn wà lórí àtẹ. Láti ọjọ́ náà ni ẹnu wa kò ti kò. Àwọn kan ní, "Ẹ gbé e sọnù, ẹ ra òmíràn." Àwọn mìíràn ní, "Owó dà?" Ohun tí a rí nígbà tí a wádìí nìyí.

Ẹrù ṣáájú ọkọ̀

Bí ọkọ̀ bá ń jo lójú omi, èèyàn àti ẹrù la kọ́kọ́ ń kó kúrò. Ẹrù inú láptọ́ọ̀pù ni orúkọ yín àti iye tí kálukú dá. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ ká da gbogbo rẹ̀ kọ sórí fíláàṣì méjì, kí èèyàn méjì tọ́jú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ká sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wa gbé tirẹ̀ lọ fún àtúnṣe láìṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ padà dé, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti ṣófo. Gbogbo gbèsè tó wà lọ́rùn àwọn oníbàárà rẹ̀ ti pòórá.

Kí ló ń ṣe é?

Bátìrì kò sí bí a ṣe lè ṣìkẹ́ ẹ tó, á gbó ni. Pípààrọ̀ ló gbà. Eruku tó dí fáànù lè mú ẹ̀rọ gbóná. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á nù ún. Bó bá ń fà bí ìgbín, wọ́n lè yọ hard disk àtijọ́ kí wọ́n fi SSD rọ́pò rẹ̀. Àtúnṣe yẹ gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá wú, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má sì gún un o, ó lè gbiná.

Èyí tó le ni motherboard, tí gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ rọ̀ mọ́. Àwa ará etí omi mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe sí páànù òrùlé àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Bí omi iyọ̀ bá ti wọ ibẹ̀, wọ́n lè tún un ṣe lónìí, kó tún kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìṣirò ọlọ́jà

Bí owó àtúnṣe bá ju ìdajì owó òmíràn lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ká ní tòkunbọ̀ tó dára jẹ́ ₦200,000: àtúnṣe ₦40,000 bójú mu, ₦120,000 kò bójú mu. Ẹ má gbàgbé owó ọkọ̀ lọ sí Ìgbókòdá tàbí Òkìtìpupa.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí rẹ̀. Ní 14 October 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú gbogbogbòò fún Windows 10 dúró. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ ti dín kù, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò sì lè gba Windows 11.

Bó bá di rírà

Ọ̀pọ̀ ń lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ ṣọ́ra o! Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 sọ pé ní 2015 àti 2016, bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba Èkó wọlé lọ́dún. Nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò, ó kéré tán 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ yọ ṣájà, ẹ lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì, ẹ gba rìsíìtì.

Èrò tiwa: fáànù àti bátìrì ni àìsàn yìí jọ. Bó bá lè gba Windows 11, ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan péré. Bí wọ́n bá ní motherboard ni, ká dáwó ra òmíràn. Ẹ mú èrò tiyín wá sí ìpàdé. Àkọsílẹ̀ wa kò ní sọnù, owó wa kò ní ṣòfò. Àmín.