Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ta ló ń sanwó abẹ́rẹ́ HPV tí wọ́n ń fún àwọn ọmọbìnrin wa?

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Kí ni wọ́n ń wá lára ọmọ wa?" Ọ̀rọ̀ yìí ò tán lẹ́nu àwọn òbí. Ó yẹ kí wọ́n béèrè.

1. HPV ni kòkòrò àrùn tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e ràn. Ní 2020, nǹkan bí 12,000 obìnrin ni jẹjẹrẹ yìí mú ní Nàìjíríà, nǹkan bí 8,000 sì kú.

2. Owó ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ àti Gavi, àjọ àgbáyé tó ń ṣètìlẹ́yìn fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ló jọ ń gbé e. Oṣù Kẹwàá 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbà á. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tẹ̀ lé e ní 2024. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tápò rẹ̀ bá gbà á ló ń rí i gbà.

3. Ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ló ń gbà á, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọdé? Abẹ́rẹ́ yìí kì í lé kòkòrò tó ti wọlé sára. Ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọn ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún wọn kí wọ́n tó mọ ìbálòpọ̀.

4. Ṣé kò ní í sọ ọmọ di àgàn? Rárá o! Jẹjẹrẹ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù: nígbà míì, ṣe ni wọ́n máa ń gé ilé-ọmọ kúrò nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin màmá, àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ni tiyín. Ẹ béèrè ní ọsibítù.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó lọ́mọbìnrin nílé 👇🏾